Ta ló ń júwe ibi tí bọ́ǹbù máa balẹ̀ sí?

Láti ìgbà tí bọ́ǹbù àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti pa àwọn tó ń ṣe ọdún Máólúdì ní Tudun Biri, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, lóṣù Kejìlá 2023, ìbéèrè ò tán lẹ́nu àwọn èèyàn.

Ṣé ẹni tó ń ju bọ́ǹbù ló ń yan ibi tó máa jù ú sí?

Níbi tí ọmọ ogun ẹni àti ọ̀tá bá ti wọ ara wọn, rárá.

Ta wá ni?

Ẹni tó ń tọ́ka ibi tí jẹ́ẹ̀tì máa ju bọ́ǹbù sí ni. Ẹ jẹ́ ká gba Vietnam lọ, níbi tí Amẹ́ríkà ti jagun, torí àwọn tó ṣiṣẹ́ náà níbẹ̀ ti rojọ́ ẹ̀ dáadáa. Bàálù kékeré kan, O-1 Bird Dog, ni wọ́n ń wà. Eré rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti mọ́tò tó ń sáré àsápajúdé lọ. Kò gbé bọ́ǹbù, rọ́kẹ́ẹ̀tì eléèéfín funfun tí wọ́n fi ń sàmì síbi tí ọ̀tá wà ló gbé. Awakọ̀ á máa yípo lókè igbó, rédíò mẹ́ta á máa ké sí i létí: ti àwọn ọmọ ogun tó wà nílẹ̀, ti àwọn jẹ́ẹ̀tì tó ń gbé bọ́ǹbù bọ̀, ti àwọn ọ̀gá. Ara gíláàsì fèrèsé ló ń fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ sí: jẹ́ẹ̀tì mélòó ló ń bọ̀, kí ni wọ́n gbé. Tó bá ti yin èéfín, ó di kó sọ fún jẹ́ẹ̀tì pé apá ibí ni kó jù ú sí, kì í ṣe apá ọ̀hún.

Báwo ló ṣe ń mọ ibi tí àwọn tirẹ̀ wà?

Àwọn ọmọ ogun tó wà nílẹ̀ á ju èéfín aláwọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní dárúkọ àwọ̀ náà. Awakọ̀ ló máa sọ pé, "Mo rí elésè àlùkò." Wọ́n á ní, "Àwa ni." Ọ̀tá náà ní rédíò o: bí ẹ bá kéde pé pupa lẹ fẹ́ jù, pupa lè gòkè níbi mẹ́ta.

Ṣé àṣìṣe ṣì ń wáyé?

Ó ń wáyé. Lóṣù Kọkànlá 1965, ní àfonífojì Ia Drang ní Vietnam, ọ̀tá fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àwọn ọmọ ogun Hal Moore, ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà kan, mọ́lẹ̀. Awakọ̀ òfuurufú tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú wọn láti máa darí bàálù ké "Broken Arrow" sórí rédíò: wọ́n fẹ́ pa wá run, kí gbogbo bàálù tó bá wà nítòsí máa bọ̀. Bàálù rọ́ dé, wọ́n tò léra lójú ọ̀run. Nínú ìrànlọ́wọ́ yìí náà ni jẹ́ẹ̀tì kan ti da napalm, epo oníná tó ń lẹ̀ mọ́ ara, sáàárín àwọn Amẹ́ríkà fúnra wọn. Ìkejì ti ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kí igbe rédíò tó dá a padà.

Tudun Biri ńkọ́?

Bàálù tí kò ní awakọ̀ nínú ló rí èrò lálẹ́, àwọn ọmọ ogun sì ṣì wọ́n mọ̀ sí ọ̀tá. Ó kéré tán, èèyàn 85 ló kú. Àwọn ará abúlé ò ní rédíò. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní àwọ̀ èéfín.

Ṣé ká máa sá tá a bá gbọ́ ìró bàálù?

Ní Ìkẹjà? Ẹ máa sáré pẹ́ o.

Èèyàn wa ń gbé níbi tí ogun wà. Kí la máa sọ fún un?

Lẹ́yìn tí jẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní Borno, lóṣù Kìíní 2017, àlàyé iléeṣẹ́ ológun òfuurufú ni pé wọn ò sàmì síbẹ̀ bó ṣe yẹ. Nítorí náà, kí baálẹ̀ tètè sọ fún àwọn ṣọ́jà bí àpèjọ alẹ́ bá wà. Kó sì bi ọ̀gá wọn pé, "Ṣé abúlé wa wà lórí máàpù yín?" Bí wọ́n bá pààrọ̀ ọ̀gá náà, kó lọ bi ẹni tuntun.