Sustainability nínú hòtẹ́ẹ̀lì ìdílé: ẹ bi wọ́n léèrè bọ́ílà, ẹ fi tówẹ́lì sílẹ̀

Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ní ìgbèríko Ireland tàbí England báyìí tí ò ní máa pariwo sustainability. Ohun tó túmọ̀ sí ò le rárá: kéèyàn máa jẹ nínú nǹkan láìjẹ ẹ́ tán, kí ilẹ̀, omi, ilé àtàwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà dáadáa nígbà tó bá kan àwọn ọmọ. Ibi tó ti le ni ká mọ ẹni tó ń ṣe é lóòótọ́.

Ẹ wo Ballymaloe House ní County Cork, Ireland. Myrtle Allen àti Ivan ọkọ ẹ̀ ra ilé náà pẹ̀lú oko tó yí i ká ní 1947, ọkọ ń dáko, ìyàwó ń dáná, nígbà tó wá di 1964 màmá yìí sọ yàrá ìjẹun ilé wọn di ilé oúnjẹ, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò sùn. Ohun tóko bá mú wá lónìí, táwọn apẹja Ballycotton bá kó dé, òun ni wọ́n máa kọ sórí mẹ́nù, tílẹ̀ bá mọ́ wọ́n á tún kọ òmíì. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní sustainability nígbà yẹn o, wọ́n kàn ń se ohun tó wà nílẹ̀ ni. Michelin, ìwé tó ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n ilé oúnjẹ, fún wọn ní ìràwọ̀ ní 1975, màmá kú ní 2018, ìdílé Allen ló ṣì ni ibẹ̀.

Ẹni tó mọ̀ pé ọmọ òun ló máa jogún ilẹ̀ lè gbin igi tí ò ní í rí èrè ẹ̀ láyé ẹ̀. Àmọ́ ìfẹ́ ilẹ̀ ò sanwó bọ́ílà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń se omi gbígbóná tó ń mú ilé móoru. Àwọn ilé olókùúta àtijọ́ yìí kì í tètè gbóná, atẹ́gùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, ìjọba sì lè má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ fèrèsé ọ̀hún torí ilé àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò ni, páìpù gáàsì náà ò dé ọ̀pọ̀ ìgbèríko, epo ni wọ́n ń jó. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò lórí epo á ra bọ́ílà onígi tàbí hítì pọ́ǹpù, ẹ̀rọ oníná tó ń fa ooru látinú atẹ́gùn tàbí ilẹ̀ wọnú ilé, owó gọbọi nìyẹn, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tó ní ẹ̀ka káàkiri ló sì tètè ń rówó ẹ̀ yá.

Tówẹ́lì wá ńkọ́? Ní 1983, Jay Westerveld ará Amẹ́ríkà rí ìwé kan ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Fiji tó ní káwọn àlejò tún tówẹ́lì lò kí òkun má bàa bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an ń kọ́lé kún ilé létí òkun náà. Ní 1986 ló fún irú ìwà bẹ́ẹ̀ lórúkọ, greenwashing. Lóòótọ́ omi àti iná á dín tẹ́ ẹ bá tún tówẹ́lì lò, ṣùgbọ́n àpò onílé lowó ìfọṣọ tó ṣẹ́kù ń lọ.

Èmi ò ní béèrè tówẹ́lì, ohun tí màá bi onílé nìyí: Kí lẹ fi ń mú ilé gbóná? Ta ló gbin ẹ̀fọ́ yìí? Ṣé owó oṣù òṣìṣẹ́ yín tó láti fi gba ilé ládùúgbò yín? Òfin kan tí EU, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ṣe ní 2024 náà ti fẹ́ gba ibẹ̀ yọ: láti 27 September 2026, ẹni tí ò bá lẹ́rìí lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ kàn máa kọ "eco-friendly" (pé òun kì í ba àyíká jẹ́) síwájú oníbàárà mọ́.