Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Búṣì Aláwọ̀ Pupa Ló Máa Mú Kí Ọkọ̀ Yín Yé Fì?

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni fídíò kékeré kan ti ń ti orí WhatsApp onímọ́tò kan bọ́ sí ti èkejì ní ìlú Ìbàdàn. Mẹkáníìkì kan ni ó gbé búṣì pupa kan dání nínú rẹ̀, tí ó ń sọ pé bí èèyàn bá fi irú rẹ̀ pààrọ̀ búṣì dúdú tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, ọkọ̀ náà yóò yé fì, yóò di ojú ọ̀nà mú ṣinṣin, olówó rẹ̀ kò sì ní ra búṣì mọ́ láéláé. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló kọ̀wé béèrè bóyá kí àwọn ṣe é. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì náà, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán, ibi tí kò sì sọ ni owó àti ẹ̀mí èèyàn wà. Ìdí nìyí tí a fi kó àwọn ìbéèrè náà jọ.

Kí tilẹ̀ ni búṣì?

Àwọn irin bíi lower arm (apá irin ìsàlẹ̀ tó di táyà mú), ọ̀pá stabilizer (èyí tí kì í jẹ́ kí ara ọkọ̀ tẹ̀ jù sí ẹ̀gbẹ́) àti irin ẹ̀yìn ló so táyà mọ́ ara ọkọ̀, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ lè lọ sókè sódò nígbà tí táyà bá kó sí kòtò tàbí tó bá gun ebè ojú ọ̀nà. Ibi tí irin kan ti pàdé èkejì ni búṣì wà. Òrùka irin kan wà níta rẹ̀, òrùka kékeré kan wà nínú, tí bóòtù ń gba àárín rẹ̀ kọjá, róbà sì lẹ̀ pinpin mọ́ òrùka méjèèjì. Bóòtù so òrùka inú gbọin mọ́ ara ọkọ̀. Òrùka ìta ń bá lower arm lọ. Róbà tó wà láàárín wọn ló ń lọ́, tí ó sì ń padà sí ipò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà sórí rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò fi irin ṣe é, kí ó lè pẹ́?

Irin lórí irin máa ń pariwo, ó máa ń jẹ ara rẹ̀, ó sì ń fẹ́ gíríìsì lóòrèkóòrè, bí ó ti rí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́.

Kí wá ni èyí pupa yẹn?

Polyurethane ni wọ́n fi ṣe é, ohun tí Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe jáde ní orílẹ̀-èdè Jámánì ní ọdún 1937, tí wọ́n sì ti fi ṣe tìmùtìmù, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn láti ìgbà náà. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe búṣì máa ń le ju róbà lọ. Lórí òṣùwọ̀n Shore A, tí wọ́n fi ń wọn líle róbà, búṣì róbà sábà máa ń wà láàárín 50 sí 70, nígbà tí ti polyurethane sábà máa ń wà láàárín 70 sí 95. Ìyàtọ̀ kejì ni pé polyurethane kì í lẹ̀ mọ́ òrùka inú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Òrùka náà ń yí nínú rẹ̀ ni, kì í ṣe pé búṣì ń lọ́.

Ẹ má fi àwọ̀ ra ọjà. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yan àwọ̀ tirẹ̀: Powerflex ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, fi àwọ̀ àlùkò sí èyí tó wà fún ojú títì, ó sì fi dúdú sí èyí tó le jù, tó wà fún ọkọ̀ eré ìje. Pupa tí ẹ rí nínú fídíò kò sọ bí ó ṣe le tó, kò sì sọ ẹni tó ṣe é.

Ṣé òótọ́ ni pé ó ń mú kí ọkọ̀ yé fì?

Ó níbi tó mọ. Nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà tàbí tí ẹ tẹ bíréèkì lójijì, agbára ńlá ń ti táyà sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí sẹ́yìn, róbà tó rọ̀ sì máa gbà fún un díẹ̀. Táyà á wá yà kúrò ní igun tí ó yẹ kí ó wà, ẹni tó ń wakọ̀ á sì rí i pé òun ti yí sítíárìn kí ọkọ̀ tó dá òun lóhùn. Búṣì tó le kì í gbà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ara ọkọ̀ máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ó bá ń yí kọ́nà, ọ̀rọ̀ sípíríǹgì, ọ̀pá stabilizer àti ṣọ́ọ̀kì ni ìyẹn pọ̀ jù. Bí ṣọ́ọ̀kì yín bá ti kú, tí ọkọ̀ ń fò sókè sódò lẹ́yìn ebè kan ṣoṣo, kò sí búṣì tó máa gbà yín.

Ohun kan tún wà tí fídíò náà bò mọ́lẹ̀. Búṣì tuntun ni ó fi wé òkú búṣì. Ọ̀pọ̀ Camry, Corolla àti Accord tokunbo tó ń rìn nígboro Ìbàdàn ti lo ọdún gbọọrọ lókè òkun kí wọ́n tó dé, búṣì tí wọ́n bá dé náà ló sì wà lẹ́sẹ̀ àwọn kan nínú wọn títí dòní, ó ti gbẹ, ó ti ya. Bí ẹ bá fi ojúlówó róbà tuntun sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú ayọ̀ tí ọkùnrin inú fídíò yẹn ń yọ̀ ni ẹ̀yin náà máa yọ̀, láìra polyurethane rárá.

Mo ṣí páálí búṣì tuntun, mo sì rí ihò gígùn méjì lára róbà rẹ̀. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Rárá, wọn kò rẹ́ yín jẹ. Àwọn ẹnjiníà ló mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò yẹn sí i. Ẹ mú búṣì tó wà lẹ́yìn lower arm iwájú: wọ́n fẹ́ kí ó rọ̀ síwá-sẹ́yìn, kí táyà lè sún díẹ̀ bí ó bá lu etí kòtò, ṣùgbọ́n kí ó le sí ẹ̀gbẹ́, kí ọkọ̀ má baà ṣe bí ọ̀mùtí lójú kọ́nà. Ihò ni wọ́n fi ń mú ọ̀nà kan rọ̀ tí èkejì fi ń le. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ tí ihò náà kọjú sí ṣe pàtàkì: ọ̀pọ̀ irú búṣì bẹ́ẹ̀ ni àmì wà lára rẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ bá ibi kan pàtó mu lára lower arm, bí mẹkáníìkì bá sì tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìdàkudà, ibi tó yẹ kó le á rọ̀, ibi tó yẹ kó rọ̀ á le.

Búṣì polyurethane tí kò ní ihò le dọ́gba yípo. Bí táyà bá lu kòtò, agbára tí róbà ì bá gbé mì á gba ara lower arm lọ sí ojú ibi tí wọ́n jó irin pọ̀ àti sí ara ọkọ̀. Lójú títì tó tẹ́jú, ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára ju ariwo táyà díẹ̀ lọ. Ní àwọn àdúgbò tí òjò ti wú ọ̀dà títì kúrò, ẹ óò gbọ́ kòtò kọ̀ọ̀kan nídìí àga yín, ọkọ̀ náà yóò sì máa gba ìyà tí wọn kò ṣe é fún.

Róbà dúdú tí mo fi sí i kò lo ọdún kan tó fi ya. Ṣé kì í ṣe pé róbà kò dára ni?

Ó lè jẹ́ ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń pa ojúlówó pàápàá, ìyẹn ni bí wọ́n ṣe di bóòtù rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, kí ẹ sì kà á sí mẹkáníìkì yín létí.

Jáàkì ti gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n ti yọ táyà, lower arm sì rọ̀ dirodiro wálẹ̀. Mẹkáníìkì ki bóòtù bọ inú búṣì, ó fi sípánà gígùn dì í títí tí kò fi lè yí mọ́. Ó ti so òrùka inú mọ́ ara ọkọ̀ nìyẹn, nígbà tí lower arm ṣì dojú kọlẹ̀. Nígbà tí ó bá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ìwúwo ọkọ̀ á ti lower arm padà sókè, róbà á sì ti lọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Bẹ́ẹ̀ ni yóò wà ní lílọ́ tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí ọkọ̀ bá wà nínú ọgbà yín. Kòtò tó bá kó sí tún máa lọ́ ọ kọjá ibi tí wọ́n ṣe é dé. Kò sí róbà tó lè pẹ́ nínú irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ ni pé kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ fẹ́rẹ́ di bóòtù, kí ó dá táyà padà, kí ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró, kí wọ́n tẹ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ó lè jókòó, lẹ́yìn náà ni kí ó tó di bóòtù pátápátá. Ibi tí wọ́n ti ní kòtò tí mẹkáníìkì ń wọ̀ sí abẹ́ ọkọ̀ ló dára jù fún èyí. Níbi tí kò bá sí, wọ́n lè gbé jáàkì kejì sábẹ́ lower arm nítòsí táyà, kí ó gbé e títí tí yóò fi ru ìwúwo ọkọ̀ bí ẹni pé ó wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n irin ìdúró tó lágbára gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ara ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀mí rẹ̀ lé orí jáàkì nìkan.

Nítorí pé òrùka inú polyurethane ń yí fàlàlà, àṣìṣe yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á lára. Mo gbà gbọ́ pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú òkìkí rẹ̀ ti wá: ó fara da iṣẹ́ tí wọ́n kánjú ṣe, róbà kò lè fara dà á.

Wọ́n ní polyurethane máa ń ké. Ṣé kí n fi gíríìsì lásán sí i?

Gíríìsì silíkóònù tó bá a wá nínú páálí ni kí ẹ lò. Gíríìsì lásán tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń ba róbà tó bá wà nítòsí jẹ́.

Ibo ló wá yẹ kí n fi polyurethane sí?

Búṣì ọ̀pá stabilizer ni mo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí. Kò wọ́n púpọ̀, ó rọrùn láti pààrọ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì ń hàn lójú kọ́nà. Níbi tó kù, àfi bí ẹ bá ń fi ọkọ̀ náà sáré ìje, tàbí bí kò bá sí ojúlówó róbà rẹ̀ lọ́jà mọ́.

Micra ni mo fi ń ṣe takisí. Ṣé ó tọ́ sí mi?

Ẹ má ṣe é o. Micra tó ń na Ìwó Road sí Challenge láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí èrò kún inú rẹ̀, ń fẹ́ róbà tó lè gbé kòtò mì. Ẹ tún rántí pé irin ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré jẹ́ ọ̀kan gbọọrọ tí ń yí sí ọ̀nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Búṣì tó bá le jù níbẹ̀ á há irin náà mọ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ á sì máa ta. Ẹ ra róbà tó dára, ọ̀tún àti òsì pọ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n dì í bí mo ṣe sọ.

Ẹnì kan ní òun lè gé e fún mi láti ara táyà àlòkù.

Ẹ sá fún un. Táyà kò lẹ̀ mọ́ òrùka irin kankan, wáyà àti aṣọ wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí lower arm yín máa wà nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé tèmi ti kú?

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa dún "gbì" lórí ebè ojú títì, ní pàtàkì bí ẹ bá ń rọra lọ. Ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Táyà á máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, alignment, ìyẹn títọ́ táyà sí igun tó yẹ, kì í sì í dúró. Bí ẹ bá rí omi dúdú tó ń sun lára búṣì fúnra rẹ̀, ó lè má jẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: omi wà nínú búṣì àwọn ọkọ̀ kan láti ilé iṣẹ́, bí ó bá sì ti jò, ó ti kú nìyẹn.

Mò ń lọ sí ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate. Kí ni kí n wò?

Ẹ mú èyí àtijọ́ lọ, kí ẹ fi wọ́n wéra ní gígùn, ní ìbú àti ní ibi tí ihò wà. Ẹ fi èékánná tẹ róbà rẹ̀: bí ó bá sán wẹ́wẹ́, ẹ dá a padà. Bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún yín kò bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ búṣì wọlé, tó jẹ́ òòlù tàbí iná ni wọ́n máa lò, ó sàn kí ẹ ra odindi lower arm tuntun tí búṣì àti ball joint (oríkèé irin tó so lower arm mọ́ ibi tí táyà wà) ti wà lára rẹ̀. Lower arm tokunbo kò yanjú nǹkan, nítorí róbà ara rẹ̀ lè ti dàgbà tó èyí tí ẹ fẹ́ yọ.

Ṣé búṣì tó kú lè mú kí táyà yọ lójú ọ̀nà?

Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, nítorí bóòtù ṣì wà láàárín rẹ̀. Ball joint ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù: bí ó bá já, táyà á wó sábẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ palẹ̀. Ṣùgbọ́n búṣì tó ya pátá lè mú kí ọkọ̀ já lọ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì pẹ̀lú agbára, ìyẹn sì tó láti gbé yín kọlu ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, ẹ ṣe alignment kí táyà má baà jẹ, ẹ fi ọkọ̀ náà rìn nígboro fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì padà lọ kí wọ́n yẹ bóòtù wò. Bí ó bá ṣì ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ má tíì gbé e gba ọ̀nà Èkó.