Bí a ṣe ń dá òdòdó mọ̀ láti inú fọ́tò

Nínú ọgbà àwọn ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, òdòdó ìyeyè kan wọ́pọ̀ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì tín-ín-rín. Bí ẹnì kan bá ya òdòdó yẹn nìkan láti iwájú, tó fi fọ́tò náà ránṣẹ́, tó ní “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe èyí?”, kò sí ẹni tó lè fún un ní èsì tó dájú. Ó lè jẹ́ Allamanda. Ó lè jẹ́ Tecoma. Ó sì lè jẹ́ olómiòjò, tí májèlé inú rẹ̀ ń da lílù ọkàn rú, tó jẹ́ pé díẹ̀ nínú kóró rẹ̀ lè pa èèyàn.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò sí lójú òdòdó, ara ẹ̀ka ló wà. Ewé Allamanda máa ń yí oríkèé kan náà ká, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ó nípọn, ó sì ń dán. Ewé olómiòjò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kì í sábà fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń yọ, tí wọ́n ń yí ẹ̀ka po bí wọ́n ṣe ń gòkè. Àwọn méjèèjì ló ń sun oje funfun bí a bá já ewé wọn. (Bí oje náà bá kàn yín lọ́wọ́, ẹ tètè fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú.) Tecoma kò ní oje funfun rárá. Ewé rẹ̀ ń kọjú síra ní méjì méjì, ewé kọ̀ọ̀kan sì pín sí ọmọ ewé bíi márùn-ún tàbí méje tí etí wọn rí ṣákaṣàka. Bí èso bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí: ti Allamanda rí roboto, ẹ̀gún sì bò ó, ti olómiòjò ní igun, àwọ̀ ewé ni kó tó di dúdú, ti Tecoma gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń rọ̀ wálẹ̀.

Fọ́tò kan kò lè gbé gbogbo èyí, bó ti wù kó rẹwà tó. Ẹ kọ́kọ́ jìnnà díẹ̀ kí ẹ ya gbogbo ohun ọ̀gbìn náà, kó lè hàn bóyá igi ni, bóyá ìtàkùn ni, tàbí koríko tí kò ga ju orúnkún lọ. Lẹ́yìn náà ẹ ya ẹ̀ka kan láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí ewé ti so mọ́ ọn. Èyí ni àwọn èèyàn ń gbàgbé jù, òun ló sì wúlò jù. Ẹ ya ojú ewé, kí ẹ yí i padà kí ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà, torí ẹ̀yìn ni irun àti iṣan ti ń hàn dáadáa. Òdòdó fúnra rẹ̀ fẹ́ fọ́tò mẹ́ta: iwájú, ẹ̀gbẹ́, àti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn awẹ́ aláwọ̀ ewé ti gbé e dúró. Bí òdòdó bá pọ̀ lórí rẹ̀, ẹ fi abẹ la ọ̀kan sí méjì lóròó, kí ẹ ya inú rẹ̀. Ẹ ya èso, ẹ ya èèpo tó bá jẹ́ igi. Ó kéré tán, kí rúlà tàbí ìdérí báírò wà nínú ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò yìí, torí pé òdòdó jogbo àti òdòdó yúnyún lè tóbi bákan náà lójú fóònù, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ju èkejì lọ dáadáa.

Kí gbogbo fọ́tò náà jẹ́ ti ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo. Ní ẹ̀gbẹ́ oko kòkó, níbi tí ewéko ti wọ ara wọn, kò ṣòro láti ya òdòdó àlùkerese mọ́ ewé igi tí àlùkerese gùn. Ẹni tó bá gba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ á máa wá ohun tí kò sí láyé. Ẹ fi ìka tẹ̀lé ọrùn òdòdó náà títí dé ẹ̀ka, kí ẹ tó ya ewé kankan.

Kámẹ́rà ọ̀pọ̀ fóònù kì í rí ohun tó bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 lọ. Ẹni tó fẹ́ ya òdòdó imí-eṣú á ti fóònù mọ́ ọn títí gbogbo rẹ̀ á fi di bàìbàì. Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ fi ìka méjì fẹ àwòrán náà dé ìlọ́po méjì, kí ẹ tẹ òdòdó lójú fóònù kí kámẹ́rà lè mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó wò. Oòrùn ọ̀sán gangan ń ba òdòdó pupa àti ti ìyeyè jẹ́: awẹ́ rẹ̀ á kàn máa tàn yanran, gbogbo ìlà inú rẹ̀ á sì parẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, bí ẹ bá ti tẹ òdòdó tán, àmì oòrùn kékeré kan á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fà á wálẹ̀ títí awẹ́ á fi hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí kí ẹnì kan fi agboòrùn ṣíji bò ó. Nígbà ọyẹ́, ẹ nu ojú kámẹ́rà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ìdí ẹ̀ka ni kí ẹ dì mú. Fún òdòdó wẹ́wẹ́, ẹ tẹ́ ìwé tàbí àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí kámẹ́rà má baà lọ mú koríko tó wà lẹ́yìn.

Àsìkò pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Òdòdó àlùkerese àti gọ̀dọ̀gbọ̀ máa ń ṣí láàárọ̀, bí oòrùn bá sì ti mú, wọ́n á ti ká. Tannáposó kì í ṣí títí di ìrọ̀lẹ́. Lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ìkẹ́nnẹ́, nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ni jogbo ń tanná jù. Ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, máa ń tanná tirẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kìn-ín-ní. Fọ́tò tí a kò mọ ọjọ́ tí wọ́n yà á ti sọ ẹ̀rí yìí nù. Bí fọ́tò bá gba orí WhatsApp lọ ní ọ̀nà tí a máa ń gbà fi ránṣẹ́, ọjọ́ àti ibi tí fóònù kọ sínú rẹ̀ kì í bá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á, yóò sì ti fún pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó dé pé, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, kí ẹ sì tún kọ ọjọ́ àti ìlú sí i.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bougainvillea lè jẹ́ pupa, funfun, àlùkò tàbí aláwọ̀ ọsàn, irú kan náà sì ni. Àwọ̀ yẹn gan-an kì í tilẹ̀ ṣe ti òdòdó: ewé tó yí padà ni, mẹ́ta mẹ́ta, òdòdó tòótọ́ sì ni ọ̀pá funfun kékeré tó wà láàárín wọn. Ewé ni a ń kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè. Ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọ, àbí méjì ló ń kọjú síra? Ṣé ewé kan ni, àbí ewé tó pín sí ọmọ ewé? Ìbéèrè kejì yìí ń ta ọ̀pọ̀ èèyàn ní jàǹbá. Ọ̀nà àbáyọ wà: ẹ wo ìgun tó wà láàárín ọrùn ewé àti ẹ̀ka. Níbi tí ewé gidi bá ti so, ìrudi kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, tí ẹ̀ka tuntun tàbí òdòdó yóò ti yọ. Ìrudi kì í sí ní ìdí ọmọ ewé. Bí fọ́tò bá fi ìgun yẹn hàn, àríyànjiyàn ti tán.

Ẹ wo jogbo àti yúnyún. Àwọn méjèèjì ní òdòdó ìyeyè, ohun tí à ń pè ní òdòdó kan lára wọn sì jẹ́ àkójọ òdòdó wẹ́wẹ́ púpọ̀ lórí ìdí kan: àwọn ti etí gùn, wọ́n dà bí awẹ́, àwọn ti àárín sì há mọ́ra. Lójú fóònù, ọ̀kan lè rọ́pò èkejì. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ewé jogbo ń yọ lára ẹ̀ka, ewé rẹ̀ tóbi, ọ̀pọ̀ wọn sì là sí ẹ̀ka mẹ́ta tàbí márùn-ún. Ewé yúnyún ń kọjú síra ní méjì méjì, kò là, ó rí ṣákiṣàki lọ́wọ́, iṣan mẹ́ta sì ń ti ìdí rẹ̀ lọ sókè. Fọ́tò ẹ̀ka kan péré ti parí ẹjọ́ náà.

Ọ̀dúndún àti àbámọ̀dá náà ń da àwọn èèyàn láàmú, pàápàá nígbà tí ewé wọn ṣì kéré. Àwọn méjèèjì ní awẹ́ mẹ́rin, òdòdó ọ̀dúndún sì máa ń dúró ṣánṣán, nígbà tí ti àbámọ̀dá ń dorí kodò nínú àpò tó wú. Nítorí náà, ẹ má ṣe já òdòdó kí ẹ tó yà á. Bó bá ti wà lọ́wọ́, kò sí ẹni tó lè mọ ibi tó kọjú sí.

Ó rọrùn láti kọ́kọ́ mọ ẹbí, kí a tó wá orúkọ. Òdòdó ilá, iṣápá, òwú àti hibiscus tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà ní awẹ́ márùn-ún, pẹ̀lú ọ̀pá kan láàárín tí àwọn fọ́nrán oní-lẹ́búlẹ́bú so mọ́ lára. Ẹni tó bá ti fara balẹ̀ wo òdòdó ilá lóko yóò dá gbogbo ẹbí yẹn mọ̀ níbikíbi. Akòko tí a fi ń jẹ oyè, òrúrù inú igbó àti Tecoma ojúde jẹ́ ẹbí kan náà: òdòdó tí awẹ́ rẹ̀ so pọ̀, ewé tó pín sí ọmọ ewé, èso tó ń là láti tú kóró oníyẹ̀ẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Flamboyant kì í ṣe ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń ṣì í mú fún òrúrù láti ọ̀nà jíjìn. Awẹ́ rẹ̀ márààrún dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ewé rẹ̀ sì pín lẹ́ẹ̀mejì títí tó fi di wẹ́wẹ́.

Ní ti áàpù tó ń dárúkọ ewéko láti inú fọ́tò, bíi Pl@ntNet tí àwọn ilé ìwádìí ilẹ̀ Faransé dá sílẹ̀, iNaturalist tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2008, àti Google Lens, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kò yàtọ̀ púpọ̀. Wọ́n ti fi àìmọye fọ́tò tí èèyàn kọ orúkọ sí kọ́ ẹ̀rọ náà. Ó ń sọ fọ́tò kọ̀ọ̀kan di òǹkà, ó sì ń wo èyí tí fọ́tò tuntun sún mọ́ jù. Bó bá ní 80%, ohun tó ń wí ni pé nínú àwọn orúkọ tí òun mọ̀, èyí ló jọ ọ́ jù. Irú tí kò kọ́ rí kò ní ìpín kankan nínú ìdá yẹn, ìbátan rẹ̀ tàbí àjèjì kan ni yóò gbà á. Fọ́tò Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mọ Ixora àti Bougainvillea ojúde kíákíá, tí wọ́n sì ń táràrà bí a bá gbé ìtàkùn láti Igbó Omo wá síwájú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1977 ni UNESCO ti ka igbó náà mọ́ àwọn tó fẹ́ kí ayé dáàbò bò.

Áàpù tó bá jẹ́ kí ẹ yan agbègbè ń dín àṣìṣe kù, àmọ́ ẹ mọ ìgbà tí ẹ ó lò ó. Fún ewéko inú igbó, ẹ yan Áfíríkà. Fún òdòdó ọgbà, ẹ fi sí gbogbo ayé, torí pé Amẹ́ríkà ti gúúsù ni Allamanda ti wá, Madagásíkà ni flamboyant ti wá, àkójọ Áfíríkà nìkan sì lè fò wọ́n dá. Ẹ kó fọ́tò tó ju ọ̀kan lọ sínú áàpù lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì sọ fún un èwo ni ewé, èwo ni òdòdó, bó bá bèèrè.

Orúkọ tó mú wá jẹ́ ibi tí ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú orúkọ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ wá ohun kan tó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ẹ padà sínú fọ́tò yín lọ wò ó. Lórí iNaturalist, ó kéré tán èèyàn méjì gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí irú kan náà kí àkọsílẹ̀ tó di èyí tí àwọn oníwádìí lè lò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì náà lè jẹ́ ẹni tó kàn tẹ ohun tí ẹ̀rọ dábàá. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n rí. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gbin òdòdó náà ni, ẹ sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ka òdòdó ojúde mọ́ ti igbó. Ẹ má sì ṣe tìtorí fọ́tò àti áàpù já ohunkóhun sínú ọbẹ̀ tàbí sínú àgbo.

Àwọn nǹkan kan wà tí kámẹ́rà kò lè gbà. Òórùn ewé Akíntọ́lá tí a rún lọ́wọ́ jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára, kò sì sí nínú fọ́tò. Lára rẹ́rẹ́, kókó kékeré kan wà ní ìdí ọrùn ewé tó ń yà á kúrò lára àwọn ìbátan rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló kéré débi pé ẹni tí kò wá a kò ní rí i. Ẹ kọ òórùn, àwọ̀ oje, gíga àti irú ilẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ẹ̀bá odò Ìbù yàtọ̀ sí orí àkìtàn.

Bí fọ́tò bá kọ̀ tí kò yanjú, ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, tó ní ewé àti òdòdó, àti èso bó bá wà. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ yí ewé kan padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn, kí ẹ gbé ohun tó wúwo lé e. Ẹ pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí ewé á fi gbẹ. Nígbà òjò ní Ìjẹ̀bú, bí ẹ bá fi ọjọ́ kan fò ó, ó lè bu. Ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sára rẹ̀ àti sára fọ́tò. Irú rẹ̀ ni àwọn tó ń tọ́jú ewéko gbígbẹ ní ilé ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, tí gbogbo ayé mọ àkójọ wọn sí FHI (Forest Herbarium Ibadan), lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ti ní nílẹ̀, kí wọ́n sì fi ojú wọn wò ó.