Yíyẹ ìpàrokò ìsopọ̀ dátábéèsì wò nínú kóòdù

Yíyẹ ìpàrokò ìsopọ̀ dátábéèsì wò ni kí kóòdù bi ìsopọ̀ tí ó lò léèrè bóyá ọ̀rọ̀ tí ń gba ibẹ̀ kọjá wà ní àrokò tàbí ní gbangba, àti irú àrokò tí ó jẹ́. Ìpàrokò níhìn-ín ni yíyí dátà padà sí ohun tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kò lè kà. Ètò tí ó ń béèrè dátà ni kíláyẹ́ǹtì. Èyí tí ó ń dáhùn ni sáfà. TLS ni ìlànà ìpàrokò tí ọ̀pọ̀ dátábéèsì ń lò láàrin àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ SSL tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀ ṣì ń hàn nínú orúkọ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àti ààtò.

== Ìdí àyẹ̀wò ==

Ohun tí a kọ sínú fáìlì ààtò kì í ṣe ẹ̀rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí nẹ́tíwọọ̀kì. Nínú PostgreSQL, ọ̀kan lára àwọn dátábéèsì, `sslmode` ni ààtò tí kíláyẹ́ǹtì fi ń sọ bí ó ṣe fẹ́ àrokò tó. Ipele 6 ni ó ní: `disable`, `allow`, `prefer`, `require`, `verify-ca` àti `verify-full`. Bí ẹni tí ó kọ kóòdù kò bá yan ọ̀kankan, `prefer` ni libpq, láíbúrárì kíláyẹ́ǹtì PostgreSQL, máa ń mú. Lábẹ́ `prefer`, kíláyẹ́ǹtì á kọ́kọ́ béèrè fún àrokò. Bí sáfà bá ní òun kò ní in, kíláyẹ́ǹtì á wọlé ní gbangba. Kò sí àṣìṣe tí yóò hàn. Ìbéèrè SQL, èdè tí a fi ń bi dátábéèsì léèrè, á máa ṣiṣẹ́ geerege, ẹni tí ó bá sì lúgọ sójú ọ̀nà á máa kà á bó ṣe ń kọjá.

Bí a bá wo ìbẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ náà fínnífínní, ibi tí ewu ti ń wọlé á hàn. Báìtì 8 péré ni kíláyẹ́ǹtì fi ń béèrè àrokò: 4 àkọ́kọ́ sọ gígùn iṣẹ́ náà, 4 tó kù gbé nọ́ńbà 80877103. Báìtì kan ṣoṣo ni sáfà fi ń dáhùn, `S` fún bẹ́ẹ̀ ni tàbí `N` fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní gbangba ni báìtì yìí ń rìn, nítorí náà ẹni tí ó dúró láàrin lè sọ `S` di `N`, kíláyẹ́ǹtì tí ó wà lórí `prefer` á sì gbà á gbọ́. PostgreSQL 17, tí ó jáde ní 2024, mú `sslnegotiation=direct` wá. Òun ń bẹ̀rẹ̀ TLS lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìbéèrè, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí `sslmode` wà ní `require` tàbí kí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

== Bíbéèrè lọ́wọ́ kíláyẹ́ǹtì ==

Láti PostgreSQL 9.5 ni libpq ti ní `PQsslInUse`, tí ó ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, àti `PQsslAttribute`, tí a lè bi ní `protocol`, `cipher` tàbí `key_bits`. Nínú èdè Python, psycopg2, láíbúrárì tí a fi ń bá PostgreSQL sọ̀rọ̀, gbé wọn kalẹ̀ báyìí láti ẹ̀dà 2.8:

```
i = conn.info
if not i.ssl_in_use:
    raise RuntimeError("Ìsopọ̀ yìí kò sí ní àrokò")
print(i.ssl_attribute("protocol"))
print(i.ssl_attribute("cipher"))
```

Ohun méjì lè mú kí `ssl_in_use` sọ pé rárá láìjẹ́ pé ewu wà. Bí kíláyẹ́ǹtì àti sáfà bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà, tí wọ́n sì ń gba Unix socket, ọ̀nà inú kọ̀ǹpútà tí kò gba nẹ́tíwọọ̀kì kọjá, libpq kì í ka `sslmode` sí rárá. Èkejì ni GSSAPI, ọ̀nà ìpàrokò mìíràn tí PostgreSQL 12 mú wọlé. `PQgssEncInUse` ni a fi ń bi í léèrè. Kóòdù tí ó bá wo SSL nìkan lè lé ìsopọ̀ tí ó wà ní àrokò dáadáa padà.

== Bíbéèrè lọ́wọ́ sáfà ==

Sáfà náà ní ẹ̀rí tirẹ̀ nínú `pg_stat_ssl`, àtẹ tí a lè fi SQL bi léèrè, tí òun pẹ̀lú wọlé ní ẹ̀dà 9.5:

```
SELECT ssl, version, cipher, bits
FROM pg_stat_ssl
WHERE pid = pg_backend_pid();
```

Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ lórí ẹ̀rọ òde òní ni `t` (bẹ́ẹ̀ ni), `TLSv1.3`, `TLS_AES_256_GCM_SHA384` àti 256.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀rí sáfà àti ti kíláyẹ́ǹtì ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà kan náà. Bí alárinà bíi PgBouncer bá wà láàrin, ìsopọ̀ méjì ló wà. `PQsslInUse` ń ròyìn èyí tí ó lọ láti ọ̀dọ̀ kíláyẹ́ǹtì dé ọ̀dọ̀ alárinà. `pg_stat_ssl` ń ròyìn èyí tí ó lọ láti ọ̀dọ̀ alárinà dé ọ̀dọ̀ sáfà. Ọ̀kan lè wà ní àrokò kí èkejì wà ní gbangba, kí ìdáhùn méjèèjì sì jẹ́ òtítọ́. Àyẹ̀wò tí ó bi ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kò tíì parí níbi tí alárinà bá wà.

== Kíka orúkọ àrokò ==

Nínú `TLS_AES_256_GCM_SHA384`, AES ni ọ̀nà ìpàrokò, 256 ni gígùn kọ́kọ́rọ́ ní bíìtì, GCM ni ọ̀nà tí a fi ń lo AES tí ó tún ń jẹ́ kí a mọ̀ bí ẹnìkan bá yí dátà padà lójú ọ̀nà, SHA384 sì ń ṣiṣẹ́ nínú mímú kọ́kọ́rọ́ jáde. Orúkọ ti TLS 1.2 máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀: `ECDHE-RSA-AES256-GCM-SHA384` sọ ọ̀nà tí a gbà ṣe àdéhùn kọ́kọ́rọ́ àti irú ìwé ẹ̀rí, fáìlì tí sáfà fi ń fi ẹni tí òun jẹ́ hàn, tí sáfà lò. TLS 1.3, tí ó jáde ní 2018, yọ méjèèjì kúrò nínú orúkọ.

Ẹ̀dà TLS ṣe pàtàkì ju gígùn kọ́kọ́rọ́ lọ nínú ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò. Ní 2021 ni IETF, àjọ tí ń gbé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, fagi lé TLS 1.0 àti 1.1. PostgreSQL ti sọ TLS 1.2 di ìsàlẹ̀ tí ó ń gbà láti ẹ̀dà 13, bí alábòójútó kò bá yí i padà.

== Ìwé ẹ̀rí ==

Àrokò kò sọ ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Lábẹ́ `require`, ìsopọ̀ lè wà ní àrokò pẹ̀lú ayédèrú sáfà, `ssl_in_use` á sì ní bẹ́ẹ̀ ni. `verify-full` nìkan ló ń yẹ ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí wò tí ó tún ń fi orúkọ inú rẹ̀ wé orúkọ sáfà tí a pè. libpq kò ní ìbéèrè tí ó ń sọ pé a ti yẹ ìwé ẹ̀rí wò. `sslmode` tí ìsopọ̀ náà lò ni kóòdù ní láti kà, láti inú `PQconninfo` tàbí, nínú psycopg2, láti inú `conn.info.dsn_parameters`.

== Àwọn dátábéèsì mìíràn ==

Nínú MySQL, `SHOW SESSION STATUS LIKE 'Ssl_cipher'` ń fi orúkọ àrokò hàn, òfìfo sì ni bí kò bá sí. `mysql_get_ssl_cipher` ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú èdè C. SQL Server ń kọ `TRUE` tàbí `FALSE` sí `encrypt_option` nínú `sys.dm_exec_connections`. Nínú Oracle, `SYS_CONTEXT('USERENV', 'NETWORK_PROTOCOL')` ń dá `tcps` padà bí TLS bá wà lórí ìsopọ̀. Inú ètò tí ó ń lò ó ni SQLite ń gbé, kò gba nẹ́tíwọọ̀kì kọjá, nítorí náà kò ní ìsopọ̀ tí a lè yẹ̀ wò lọ́nà yìí.