Ibi tí ọ́ìlì ń kán sí kọ́ ni ó ti ń jò

Ọ́ìlì tó bá jáde láti òkè ẹ́ńjìnnì kì í já bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa ń rìn lára irin sọ̀kalẹ̀, á gba etí bóòtù, á tẹ̀lé wáyà, títí á fi dé ibi tó rẹlẹ̀ jù, ibẹ̀ ló ti máa kán. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn á tún máa tì í lọ sẹ́yìn. Nítorí náà, ibi tó ga jù, tó sì sún mọ́ iwájú ọkọ̀ jù, tó rin fún ọ́ìlì, ni kí a kọ́kọ́ fura sí.

Kó tó di pé à ń wá a, kí ó dá wa lójú pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Páálí tí a tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú á fi hàn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun máa ń ní àwọ̀ oyin, èyí tó ti pẹ́ á dúdú. Ọ́ìlì gíà ọ̀tọmátíìkì sábà máa ń pupa. Omi tó mọ́, tí kò lóòórùn, ti ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ tutù (AC) ni, kò sí ewu níbẹ̀.

Fífọ ẹ́ńjìnnì ló ṣe pàtàkì jù, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì àtijọ́ àti eruku ti lẹ̀ mọ́ kò lè sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń wò ó. Kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí a fi nylon bo ọ̀tanétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀) àti orí àwọn wáyà, kí a fi oògùn tó ń bó gírísì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí a sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí a tan án, kí a máa fi tọ́ọ̀ṣì wò ó bó ṣe ń gbóná. Bí kò bá tíì hàn, kí a wa ọkọ̀ náà díẹ̀, kí a tún wò ó. Páúdà funfun tí a bù sí ibi tí a fura sí máa ń ṣèrànwọ́: ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì gbà á hàn kedere lórí rẹ̀. Aró kan tún wà tí wọ́n máa ń dà sínú ọ́ìlì. Bí a bá tan iná pàtàkì tí wọ́n ń pè ní UV sí i, ojú ibi tó ń jò á máa tàn yòò.

Àkókò tó ń jò pàápàá ń sọ̀rọ̀. Fíìtà tó ń sẹ́ ọ́ìlì, súwíìṣì tó ń wọn agbára ọ́ìlì, àti páìpù ọ́ìlì máa ń jò gan-an nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, torí agbára ló ń ti ọ́ìlì níbẹ̀. Bóòtù tí wọ́n ń tú kí ọ́ìlì lè dà jáde, àti gáskẹ́ẹ̀tì (ohun tó ń dí àlàfo láàárín irin méjì) ti ọpọ́n ọ́ìlì ìsàlẹ̀, lè máa kán bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ló bẹ̀rẹ̀, fíìtà ni kí a kọ́kọ́ wò: rọ́bà fíìtà àtijọ́ lè ti lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n wá de tuntun lé e lórí.

Gáskẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì wà lára àwọn tó sábà máa ń jò, torí ooru máa ń mú rọ́bà rẹ̀ le, á sì sán. Bí ọ́ìlì rẹ̀ bá ń kán sórí páìpù èéfín, òórùn jíjó á máa jáde, ó sì lè gbiná. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń fi di ọ̀la.

Ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn kíráǹkì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì), láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi láìṣẹ̀. Ó dunni, torí pé kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sábà ní láti sọ gíà kalẹ̀, owó ńlá sì nìyẹn. Ọ́ìlì tó jò láti ẹ̀yìn ìdérí òkè máa ń ṣàn wá sí ojú ibẹ̀ kan náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ gíà kalẹ̀ láì tíì rí i pé òkè ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì gbẹ.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í rí. Díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ìjóná máa ń gba ẹ̀gbẹ́ pístìnì (irin tó ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì) wọ inú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, fáàfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PCV ló sì ń dá a padà kó lè jó. Bí fáàfù náà bá dí, afẹ́fẹ́ á kún inú, á máa ti ọ́ìlì jáde, síìlì tuntun pàápàá kò ní lè dá a dúró. Bí ibi púpọ̀ bá ń jò lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí síìlì tuntun tún tètè ń jò, ibẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí a ṣí ìdérí ojú ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí a fi bébà fẹ́lẹ́ lé e. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó dára, bébà náà á rọra fà mọ́ ojú ihò. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé e sọnù tagbára-tagbára, fáàfù ti dí, tàbí kí ríìnì pístìnì (òrùka irin tó yí i ká) ti jẹ.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a tún fọ ibẹ̀, kí a wa ọkọ̀ náà, kí a sì padà fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, torí ibi méjì lè máa jò pọ̀, kí èyí tó pọ̀ ti bo èyí tó kéré mọ́lẹ̀.