Òfin abẹ́lé fún dídá ẹ̀dá-ìtàn: èwo la lè yí padà?

Òfin wà nínú ìwé. Kí la tún ń fi òfin abẹ́lé ṣe?

Àdéhùn tí àwọn tó jọ ń ṣeré bá ara wọn ṣe ni, láti fi kún òfin inú ìwé tàbí láti yọ nínú rẹ̀. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, ìyẹn eré tí eléré kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe ẹ̀dá kan nínú ìtàn tí wọ́n jọ ń sọ, dáìsì 3 ni wọ́n ń jù fún ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan nínú 6: agbára, òye, ọgbọ́n, ìfaradà, ìyára àti ìfanimọ́ra. Kò pẹ́ tí àwọn eléré fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Gbogbo wa la ju dáìsì. Kí ló dé tí ẹnì kan fi ń bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀?

Nítorí pé oríire ọjọ́ kan á máa bá yín lọ títí ìtàn á fi parí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ju dáìsì 4, wọ́n á yọ èyí tó kéré jù. Ìyẹn gbé ìpíndọ́gba láti 10.5 dé bíi 12.2, 18 tó sì máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 216 wá ń jáde lẹ́ẹ̀kan nínú bíi 62. Àmọ́ kò dí àlàfo tó wà láàárín eléré méjì. Nínú ìwé òfin ọdún 2014, ẹni tó ní 18 á fi 4 kún ohun tó bá jù. Ẹni tó ní 10 ò rí nǹkan kan fi kún un. Lórí dáìsì olójú 20 tí wọ́n ń jù láti mọ̀ bóyá ohun tí ẹ̀dá-ìtàn ń ṣe á yọrí, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, nígbàkigbà tí ẹ̀bùn yẹn bá wúlò.

Èyí tí mo fara mọ́ jù ni pé kí kálukú ju tirẹ̀, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síta, kí olúkúlùkù sì mú ọ̀wọ́ nọ́ńbà tó wù ú, kódà bí ẹni mẹ́ta bá mú ọ̀kan náà. Ẹ ṣì gbádùn dáìsì, kò sì sí ẹni tí oríburúkú rẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Bí a ò bá fẹ́ dáìsì rárá ńkọ́?

Ẹ pín 15, 14, 13, 12, 10 àti 8 fún ẹ̀bùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bó ṣe wù yín. Ó wà nínú ìwé.

Mo fẹ́ kí oṣó mi máa fi orin pidán dípò ìwé idán rẹ̀. Àwọ̀ lásán ṣáà ni, kò kan òfin?

Rárá o, ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Bí bọ́ọ̀lù iná, ọ̀kan lára idán oṣó, bá di ọ̀wọ́ ẹyẹ tó ń jó, tí dáìsì 8 tó fi ń pani lára kò yí padà, tó ṣì jẹ́ iná, ẹ jẹ́ ó kọjá; ó dára gan-an. Sọ iná náà di yìnyín, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, torí àwọn ẹbọra kan wà tí iná ò ràn. Orin náà ńkọ́? Ọ̀tá lè jí ìwé oṣó, kò lè jí orin. Ẹ jọ wá ohun tó máa dípò ewu yẹn: bóyá bí wọ́n bá fún un lọ́rùn, idán dákẹ́.

Ẹ̀yà tí ẹ̀dá-ìtàn jẹ́ ńkọ́? Ṣé aràrá lè di oṣó gidi?

Ó yẹ kó lè dà á. Ìwé ọdún 2014 so àfikún ẹ̀bùn mọ́ ẹ̀yà. Lọ́dún 2020 wọ́n gbà kí eléré gbé e síbòmíì, bí àpẹẹrẹ sórí òye tí oṣó nílò.

Bí òfin tuntun bá wá ń ba eré jẹ́?

Ẹ má fọwọ́ kàn án láàárín ìjà. Ẹ dúró dìgbà tí ìjókòó bá parí. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá dín kù, ẹ jẹ́ kó tún ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ dá látìbẹ̀rẹ̀, torí òfin tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí ló tẹ̀ lé.