Mọ́dẹ́ẹ̀lì dátà ilẹ̀: ohun tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó ya máàpù Ilé-Ifẹ̀

Bí àlejò bá ń wá ilé kan ní Ilódè, a ó ní kó kọjá mọ́ṣáláṣí, kó yà níbi tí wọ́n ti ń lọ ata, kó wá bèèrè agbo ilé báyìí báyìí. Á débẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò ní débẹ̀, torí kò mọ ohun tó ń jẹ́ agbo ilé, àfi bí ẹnìkan bá là á yé e. Àlàyé tí wọ́n tò sílẹ̀ fún un, kó tó gbé pẹ́ńsù, ni wọ́n ń pè ní mọ́dẹ́ẹ̀lì dátà ilẹ̀.

Ó ń sọ bí nǹkan ṣe rí lórí ilẹ̀: kànga jẹ́ ojú kan, ọ̀nà Lágere jẹ́ ìlà, ọjà jẹ́ ilẹ̀ tí ààlà yí ká. Ó ń sọ ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀, bí orúkọ àti iye yàrá. Ó sì ń sọ nǹkan mìíràn tó bá tan, bí ilé ṣe jẹ́ ti agbo ilé kan.

Ìbátan yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe níbòmíràn á ní àyè fún orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé, ó parí. Àmọ́ ilé mẹ́wàá lè wà nínú agbo ilé kan, kí gbogbo wọn máa jẹ́ orúkọ kan náà. Bí mọ́dẹ́ẹ̀lì ò bá ní àyè fún agbo ilé, akọ̀wé á fi gbogbo wọn sórí ilé kan, baálé nìkan ni ìwé owó-orí á sì máa bá. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 fi sísọ òpópónà lórúkọ, fífi nọ́ńbà sára ilé àti dídíyelé ilé fún owó-orí sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n pe àwọn baálé jókòó kí wọ́n tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá.

Ààlà tún wà níbẹ̀. Bí agbo ilé méjì bá pààlà, ìlà kan ṣoṣo ni à ń fà, kí àwọn méjèèjì jọ lò ó. Ẹni tó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì á rí ilẹ̀ tín-ín-rín láàárín tí kò ní ẹni tó ni ín (àwa náà mọ ohun tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bí).

Tí èyí bá ti tọ́, yíya máàpù á di ìbéèrè lásán. Ní kí kọ̀ǹpútà fi gbogbo ilé tó wà láàárín 30 mítà sí Odò Ọ̀pá hàn ọ́, á yà á. Bí ilé tuntun bá wọlé sínú àkọsílẹ̀ lọ́la, máàpù á yí padà láìsí pé ẹnikẹ́ni tún un fà. Irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń kọ́ni nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní RECTAS, ilé-ẹ̀kọ́ nípa wíwọn ilẹ̀ àti yíya máàpù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, tó ń jẹ́ AFRIGIST báyìí.

Lórí máàpù 1:50,000, sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún 500 mítà, agbo ilé ò sì ju ẹyọ kóró lọ. Sún un wá sí 1:2,500, á yọ padà pẹ̀lú ààlà rẹ̀, ilé inú rẹ̀ àti orúkọ baálé.